Ìṣẹ́po Etí Aṣọ Funfun

Òórùn sitáàṣì gbígbóná ló jí mi ní àárọ̀ ọjọ́ ìkórè àwọn ọmọdé. Màmá mi ti wà nídìí áyọ́ọ̀nù eléèédú, wọ́n ń wọ́n omi sí aṣọ funfun tí mo fẹ́ wọ̀, áyọ́ọ̀nù náà sì ń ké ṣíì lórí rẹ̀. Yàrá kan péré la ní ní Williamsville, ládùúgbò kan ní Abidjan, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wọn tó kọjú sí títì. Àwọn fúnra wọn ló rán aṣọ náà. Wọ́n ṣẹ́ etí rẹ̀ sínú lọ́nà mẹ́ta, nítorí kò sí aṣọ ọmọdé tó ti ọwọ́ wọn jáde tí wọn kì í fi àyè ọdún tó ń bọ̀ sí. Àwọn oníbàárà á ní ó wúwo jù nísàlẹ̀. Màmá mi á ní, "Ojú kì í rí ọmọ nígbà tó bá ń dàgbà. Etí aṣọ ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀."

Lọ́jọ́ yẹn, èmi ló kàn láti ka àkọ́sórí níwájú ìjọ, mo sì ti tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lóde ilé wa gbọ́ ohùn mi dáadáa rí. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Abidjan bíi tèmi á mọ bó ṣe rí. Faransé ni ti ilé-ìwé, Júlà ni wọ́n fi ń kí màmá mi ní ṣọ́ọ̀bù, Yorùbá ni ti ilé àti ti ìjọ. Mo gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fẹ́ lanu, ńṣe ni ọ̀rọ̀ á kóra jọ sí mi lọ́fun bí èrò tó ń jà lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ gbáká, tí ẹnì kankan kò sì ráyè wọlé. Odi ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí. Wọ́n á ní, "Odi, bá wa dá orin," wọ́n á sì fọwọ́ lérán, bí ẹni pé wọ́n ń retí rẹ̀ lóòótọ́.

Mo dúró níwájú ìjọ, n kò sọ nǹkan kan. Olùkọ́ àwọn ọmọdé ìjọ sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sí mi létí, ó tún un sọ. Mo gbọ́ tí obìnrin kan wí lẹ́yìn pé, "Ẹ̀mí kan ló di ahọ́n ọmọ yìí." Mo ń wo etí aṣọ mi títí olùkọ́ fi fà mí lọ́wọ́ lọ jókòó.

Kí a tó kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ ti parí lórí mi. Alàgbà tó ń darí àdúrà sọ fún bàbá mi pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn mú mi lọ sí ilé àdúrà kan ní Songon, lẹ́bàá ọ̀sà. Ibẹ̀ ni màá ti máa gbààwẹ̀, ibẹ̀ ni màá máa sùn, títí ahọ́n mi á fi tú. Kò sẹ́ni tó sọ ìgbà tí màá padà. Bàbá mi kì í ṣe ènìyàn líle, ṣùgbọ́n ìtìjú ọjọ́ náà ti wọ̀ wọ́n lára. "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́," ni wọ́n ń wí ṣáá. Wọ́n gbà.

Ní ọjọ́ Ajé, Alàgbà dé kí oòrùn tó mú, kí bàbá mi tó lọ síbi iṣẹ́ wọn ní Vridi. Àpò mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo jókòó tì í, mo di okùn rẹ̀ mú, mo ń rò ó pé bí mo bá lè sọ ọ̀rọ̀ kan péré báyìí, wọ́n á fi mí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò wá.

"Ìyá Rúùtù, má jẹ́ kó dùn ọ́," Alàgbà sọ fún màmá mi. "Ọmọ tí yóò jẹ́ Àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Olúwa wa kò fi ti odi falẹ̀. Lẹ́sẹ̀ kan náà ló ń tú ahọ́n wọn."

"Òótọ́ ni, Bàbá." Màmá mi kò gbójú sókè. Wọ́n ń fi òwú sínú abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti jogún ìtìjú mi. "Ṣùgbọ́n kí Jésù tó tú ahọ́n odi, òun náà ti jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí kò lè sọ̀rọ̀. Màríà pọ̀n ọ́n. Wọ́n kọ́ ọ ní ìrìn. Bó bá wù ú, ì bá ti ọ̀run wá ní géńdé. Ó dúró kí eyín òun hù bíi ti ọmọ gbogbo ènìyàn. Bí ìdàgbà díẹ̀díẹ̀ bá jẹ́ àìsàn, Bàbá, ṣé Ọlọ́run á gbé e wọ̀?"

Ẹnì kan ń polówó búrẹ́dì lójú títì. Bàbá mi wo àpò mi, wọ́n wo bàtà iṣẹ́ tó wà lẹ́sẹ̀ wọn.

"Alàgbà, ẹ jẹ́ ká dúró di ìkórè tó ń bọ̀," ni wọ́n wí.

"Bó bá tún dákẹ́ ńkọ́?"

"Èmi fúnra mi ni màá mú un wá bá yín."

Màmá mi gbé àpò náà padà sínú yàrá, ṣùgbọ́n wọn kò tú u. Wọ́n tì í sábẹ́ ibùsùn, gbogbo ọdún yẹn ni mo sì ń sùn lé e lórí.

Mo rò pé wọ́n á máa fi àkọ́sórí lé mi kiri. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti ilé-ìwé dé, wọ́n ní kí n máa bá àwọn gba ìwọ̀n àwọn ọmọ oníbàárà. Màá fi téèpù wọ̀n wọ́n, màá fi ìka tọ́ka sí nọ́ńbà. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn kò lè gbójú kúrò lára aṣọ, kí n wá sọ ọ́ sí àwọn létí. Mo sọ ọ́ ní Faransé, nítorí Faransé la fi ń ka nọ́ńbà nílé wa. Nígbà tí àkókò òjò wọlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ bí mo bá ti fẹ́ lanu.

"Kí lo wí? Ẹ̀rọ ń pariwo."

Mo gbé ohùn sókè díẹ̀.

"Rúùtù, ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ ni, àbí aláǹgbá ara ògiri?"

Mo tún gbé e sókè. Ó pẹ́ kí n tó rí i lọ́jọ́ kan pé kò sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Bàbá mi á ti Vridi dé, wọ́n á béèrè bóyá mo ti ń sọ̀rọ̀. Màmá mi á ní, "Ẹni tó fa àgbàdo sókè kó lè tètè ga, gbòǹgbò ló ń fà tu." Bàbá mi á wo abẹ́ ibùsùn, wọ́n á sì bọ́ bàtà iṣẹ́ wọn.

Nígbà tí ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀, màmá mi tú ìṣẹ́po àkọ́kọ́ ní etí aṣọ funfun mi. Ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ hàn bí ìlà, sitáàṣì kò bò ó. Lọ́jọ́ ìkórè, Alàgbà jókòó síwájú. Bàbá mi kò wọlé jókòó. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, àpò mi wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn. Wọn kì í yẹ àdéhùn.

Ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n fún mi kúrú, ó dá lórí hóró kan tó kéré ju gbogbo hóró lọ. Mo sọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ bí ìjọ ṣe mí. Lẹ́yìn náà ni ìyókù pòórá. Ẹnu mi ṣí sílẹ̀, kò sí ohun tó ń jáde. Alàgbà tẹ̀ síwájú lórí ìjókòó wọn. Mo wá ojú màmá mi, ojú wọn wà nílẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn ni mo rí. Lábẹ́ bẹ́ǹṣì, wọ́n ń tẹ ilẹ̀, wọ́n ń gbé e, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí wọ́n bá wà nídìí ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ ń pariwo. Mo gbé ohùn mi sókè, mo sì parí rẹ̀.

Àwọn tó wà lẹ́yìn ní àwọn kò gbọ́. Alàgbà gbọ́. Nígbà tí a jáde, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní, "Ìyá Rúùtù, ohùn náà ṣì kéré o."

"Ó ń bọ̀, Bàbá," màmá mi dáhùn.

Bàbá mi gbé àpò náà kọ́ èjìká, a sì rìn padà sílé.

N kò kàwé jìnnà. Ṣọ́ọ̀bù yẹn náà ni mo wà, ẹ̀rọ yẹn náà ni mò ń tẹ̀. Ọmọ tó dúró níwájú ìjọ lọ́jọ́ náà rò pé bí òun bá ti lè sọ̀rọ̀, ìbẹ̀rù máa tán. Kò tán. Láìpẹ́ yìí, wọ́n ní kí n gba àdúrà ìparí nínú ìpàdé àwọn obìnrin, àtẹ́lẹwọ́ mi tutù bí omi kànga. Mo gbà á. Ó kúrú, mo sì jókòó. Nígbà èwe mi, mo máa ń bẹ Ọlọ́run pé kí n jí lọ́la kí n ti di ẹlòmíràn. N kì í bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìdàgbà ti ọdún yìí nìkan ni mo ń tọrọ.

Aṣọ funfun náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Màmá mi tú ìṣẹ́po kejì nígbà tó yá, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ há mi kó tó kan ìkẹta. Kò sẹ́ni tó tú ìyẹn. Nígbà mìíràn, tí kò bá sí oníbàárà, mo máa ń fi èékánná ṣí i wò. Ara aṣọ náà ti pọ́n. Inú ìṣẹ́po yẹn ṣì funfun bí ọjọ́ tí wọ́n rán an.