Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Kí Henning Sudbrack Bọ́ Jẹ́sì

Ọdún méjìlélógún ni mo fi fọ jẹ́sì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Wesselrade. Ẹ má bi mí pé kí ló gbé ọmọ Ìjẹ̀bú dé ìdí aṣọ fífọ̀ nílùú àwọn Jámánì. Ìyẹn ti pẹ́, ibẹ̀ sì ti di ilé mi. Aṣọ, bàtà, bọ́ọ̀lù, báńdéèjì, ọwọ́ mi ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá. Bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn àti ẹni tó kàn wá sáré kiri. Jẹ́sì àwọn kan, bó ṣe funfun lọ bẹ́ẹ̀ náà ló ń funfun bọ̀. Ti Henning Sudbrack, ẹrẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ni, mo sì máa ń rẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Òpópónà kejì sí pápá ìṣeré wa ni wọ́n bí i sí. Alfons bàbá rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin, ti lọ forúkọ ọmọ náà sílẹ̀ nínú ìwé ẹgbẹ́ wa kó tó lọ gba ìwé ìbí rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Ẹ má rẹ́rìn-ín, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn. Ọmọ ọdún méje ni Henning nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù fún wa. Ó wọ ikọ̀ àgbà ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ẹ̀yìn ló sì ń gbá títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mi ò ní purọ́ fún yín, kò mọ àrà kankan í dá. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ò wúlò ju igi lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, onítọ̀hún máa fi omi gbígbóná jó ara nígbà tó bá délé. Ìpele kejì nínú líìgì la wà ní gbogbo ọdún yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì jẹ́ pé òun gan-an ló dì wá mú tí a kò fi já sí ìpele kẹta.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹgbẹ́ ńlá láti ìpele kìíní wá béèrè rẹ̀. Nígbà kejì, ó ku kó fọwọ́ síwèé. Alfons ò bá a jà. Ó kàn dákẹ́ ni. Sọ́ńdè mẹ́rin gbáko ló fi jókòó ti ẹran àti ọ̀dùnkún tí ìyàwó rẹ̀ sè, tí kò bá ọmọ rẹ̀ sọ gbólóhùn kan. Ní Sọ́ńdè karùn-ún Henning ní òun ò lọ mọ́. Bàbá ní kó gbé ọbẹ̀ fún òun, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Nígbà yẹn mo rò pé ìfẹ́ ni. Òmùgọ̀ ni èmi náà.

Lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan, àwọn agbábọ́ọ̀lù wa a máa rìn lọ síwájú Gúúsù, ìyẹn apá ibi tí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ máa ń dúró sí, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún ara wọn, oníkálukú á sì máa lọ sílé. Henning sọ fún mi lọ́jọ́ kan nínú yàrá aṣọ pé ohun kan ṣoṣo lòun ń fẹ́. Ó ní, “Láyí, lọ́jọ́ tí mo bá gbá a kẹ́yìn, mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ bá wọn ní Gúúsù. Kí n pàtẹ́wọ́ fún wọn, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, kí bàbá mi wà níbẹ̀. Mi ò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.” Mo ní ṣé ìyẹn nìkan ni. Ó ní ìyẹn nìkan ni.

Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ti bàjẹ́ nígbà yẹn. Eegun ń ha eegun nínú rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún tó gbá a kẹ́yìn, dókítà eegun kan sọ fún un pé kó ṣíwọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, bí kò bá fẹ́ máa fi ọ̀pá rìn kó tó pé ogójì ọdún. Tietgen, ọ̀gá tó ń wá agbábọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́, pè é sí ọ́fíìsì, ó bu kọfí fún un. Ó ní àwọn mẹ́ta tó ń gbá ẹ̀yìn ti ṣèṣe, kó jọ̀ọ́ bá àwọn fara dà á dé oṣù Karùn-ún, àwọn á wá dágbére fún un níwájú Gúúsù lọ́nà tí ojú máa rí. Ẹlẹ́tàn yẹn mọ ohun tí ọkùnrin náà ń fẹ́ gbọ́, ohun tó sì sọ fún un nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gún un lábẹ́rẹ́ nìyẹn. Ní gbogbo ọjọ́ tí a bá ní eré, orí tábìlì tí mo ti ń ká aṣọ ni dókítà ẹgbẹ́ máa ń ní kó nà sí. Á kọ́kọ́ fa omi pípọ́n kan jáde nínú orúnkún, á dà á sínú ife oníke, lẹ́yìn náà á gún òògùn tí kì í jẹ́ kéèyàn mọ ìrora sí i. Èmi ni mo ń lọ da ohun tó wà nínú ife yẹn nù. Èmi náà ni mo sì ń di ẹsẹ̀ ọkùnrin náà mú kó má bàa mì. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń pinnu pé mo máa sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo sì ń gbé ẹnu mi dákẹ́, torí mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Bí mo bá rántí, ara mi a máa rí mi lára.

Sáà yẹn ò dáa rárá. Tietgen ti yá ọmọ mẹ́jọ wá láti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn, àwọn tí kò mọ orúkọ òpópónà tí wọ́n ń gbé. Wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ jẹ́. Nígbà tó fi máa di Sátidé tó kẹ́yìn, a gbọ́dọ̀ ta ọ̀mì ó kéré tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a ti já nìyẹn. Àárọ̀ ọjọ́ náà, abẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n gún Henning. Ó gbá a dáadáa. Ó fi orí gbé bọ́ọ̀lù méjì kúrò lẹ́nu góòlù wa. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà, ọmọ kan nínú àwọn alátakò ta bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Henning yí padà láti lé e, orúnkún rẹ̀ ò bá a yí. Ó ṣubú lulẹ̀, ọmọ yẹn sì gbá a sáwọ̀n. Bí a ṣe já sí ìpele kẹta nìyẹn.

Mo mọ̀ pé àwọn ará Gúúsù máa súfèé láti fi bú àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ìyẹn ò burú lójú mi, ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn ló ń súfèé. Ohun tó tẹ̀ lé e ni mi ò lè gbé mì títí dòní. Torben Kalthaus, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú Gúúsù, tó ń ti ilé dé ilé ta adójútòfò fún àwọn arúgbó láti Mọ́ńdè dé Fúráìdé, gun orí irin ọgbà tó wà níwájú wọn pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, ó ní kí gbogbo agbábọ́ọ̀lù wá sí ìdí ọgbà, kí wọ́n bọ́ jẹ́sì wọn, pé wọn ò yẹ lẹ́ni tó ń wọ̀ ọ́. Àṣà wọn ni. Bí inú bá ti bí wọn dé góńgó, ohun tí wọ́n máa ń ṣe nìyẹn. Àgbàlagbà tó bímọ sílé ni wọ́n o, wọ́n wá dúró síbẹ̀ tí wọ́n ń bọ́ aṣọ lọ́rùn ọmọ ọlọ́mọ. Mo wo Tietgen lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé, ó ń fi ọwọ́ lé àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ, pé kí wọ́n lọ ṣe é kí gbogbo rẹ̀ lè parí. Àwọn ọlọ́pàá ń wò wọ́n. Ojú ò ti ẹnì kankan.

Àwọn ọmọ tí wọ́n yá wá ò ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ju jẹ́sì sílẹ̀ bí ẹni ju àkísà. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Kí ló kàn án? Ní Mọ́ńdè ó ti lọ. Nígbà tó yá, ó wá ku Henning nìkan tó ṣì wọ tirẹ̀. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń ráhùn nínú èrò pé kí wọ́n fi Henning sílẹ̀, pé kì í ṣe òun. Torben náà ò mọ ohun tó máa ṣe mọ́. Ó wo ẹ̀yìn, ó bi Alfons léèrè pé Henning náà ńkọ́. Ọdún méjìléláàádọ́ta ni Alfons ti ń dúró sí ojú kan náà ní Gúúsù, òun ni àgbà gbogbo wọn. Bó bá ti mi orí báyìí, wọ́n á fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀, wọ́n á tún pàtẹ́wọ́ fún un.

Henning tiro lọ sí ìdí ọgbà. Ó ní, “Bàbá, ṣé èmi náà?”

Alfons fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Ó ní, “Gbogbo yín ni wọ́n pè. Ọmọ mi ni ọ́, mi ò lè yọ ọ́ sílẹ̀. Kí làwọn èèyàn máa sọ?”

Ẹ bá mi gbọ́ ọ. Àwọn èèyàn yìí, ojúsàájú ni wọ́n kórìíra jù láyé. Ó tẹ́ wọn lọ́rùn kí wọ́n ṣìkà fún tiwọn ju kí aládùúgbò ní wọ́n gbè sẹ́yìn ẹ̀jẹ̀ wọn. Bó bá jẹ́ àjèjì ni wọ́n bi léèrè, àjèjì á ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Bàbá tó bí i nìkan ni kò lè sọ ọ́, torí pé òun ló bí i. Ó sì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ṣe dáadáa.

Henning bọ́ jẹ́sì náà. Kò jù ú sílẹ̀. Ó nà án sí bàbá rẹ̀ lórí irin, bàbá sì gbà á. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ṣíwọ́. Ọkùnrin yẹn wá ń tiro bọ̀ láti òpin pápá dé òpin kejì, láìwọ ẹ̀wù, ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá ènìyàn ń wò ó. Mo sáré lọ pàdé rẹ̀, mo fi jákẹ́ẹ̀tì mi bò ó. Ara rẹ̀ tutù. Mo mú un wọ yàrá aṣọ, mo sì bá a bọ́ bàtà rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n la orúnkún náà. Tietgen kọ lẹ́tà pé níwọ̀n ìgbà tí ẹgbẹ́ ti já, kò ní bójú mu kí àwọn máa ṣe ìdágbére fún ẹnikẹ́ni. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá aṣọ lé orí tábìlì rẹ̀, mo sì lọ sílé. Ó yẹ kí n ti gbé e síbẹ̀ láti oṣù Kìíní.

Ní Sọ́ńdè kan ní oṣù Kẹjọ, mo wà ní ọgbà ẹ̀yìnkùlé Henning, èmi, òun àti Silke ìyàwó rẹ̀. A ń jẹ búrẹ́dì àárọ̀. Torben àti àwọn méjì wọlé láti ẹnu géètì, Alfons ló ṣáájú wọn. Wọ́n ti fọ jẹ́sì náà, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n fi dígí bò ó, gbogbo Gúúsù sì ti kọ orúkọ wọn sára rẹ̀. Torben ní inú ló bí àwọn lọ́jọ́ yẹn, pé kì í ṣe òun làwọn ní lọ́kàn. Henning bi í pé ta ni wọ́n wá ní lọ́kàn nígbà tó ku òun nìkan. Torben bẹ̀rẹ̀ sí í fi apá ẹ̀wù rẹ̀ nu dígí náà. Bó bá jẹ́ adójútòfò tó ń tà ni, ọ̀rọ̀ kì í wọ́n ọn lẹ́nu.

Alfons ní, “Henning, gbà á. Gbogbo èèyàn ló fọwọ́ sí i, èmi náà fọwọ́ sí i.”

Henning di tábìlì mú, ó dìde. Ó ní, “Bàbá, mo bi yín léèrè lọ́jọ́ yẹn, ẹ sì dá mi lóhùn. Nǹkan yẹn ò ní wọ ilé mi. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì ṣì wà, kọfí ṣì gbóná. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ, kí ẹ̀yin jókòó.”

Silke ti fa àga síta fún un. Àwọn mẹ́ta yòókù ti ń padà lọ sí géètì pẹ̀lú dígí wọn, torí ẹgbẹ́ ní eré nílùú mìíràn lọ́jọ́ náà, bọ́ọ̀sì Gúúsù sì máa gbéra láago mọ́kànlá. Bàbá wo àga, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun á yà bí àwọn bá dé. Ó bá wọn lọ.

Mo tutọ́ sáàárín òdòdó Silke, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ó ní kí n tu itọ́ náà dáadáa.