Fóònù Tí Bọ̀dá Mi Yàn fún Màmá Wa

Inú ṣì ń bí mi. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí àwọn ará ilé wa ń sọ kiri pé ọ̀rọ̀ náà ti parí. Kò tíì parí lọ́dọ̀ tèmi.

Màmá mi ní Android kan tó ti sán lójú. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa lò ó, ní Sátidé-Sátidé, nínú pálọ̀ wọn ní Agbowó. Wọn ò kàwé púpọ̀, ojú wọn ò sì ríran dáadáa mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi fi fọ́tò ẹnì kọ̀ọ̀kan sára nọ́ńbà rẹ̀. Tí fóònù bá dún, tí wọ́n bá rí gèlè funfun, wọ́n mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì Ṣakí, torí Ṣakí ni wọ́n ń gbé. Òfin kan ṣoṣo ni mo fún màmá mi. Mo ní, “Màámi, ìpè tí ẹ ò bá ti rí fọ́tò níbẹ̀, ẹ má gbé e o. Àwọn oníjìbìtì ni.” Ẹnu èmi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Láràárọ̀, lẹ́yìn àdúrà, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí á máa fi ohùn ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp. Mọ́mì Ṣakí á kọ́kọ́ ki màmá mi ní oríkì, wọ́n á wá sọ ẹni tó kú, ẹni tó bímọ, àti ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ iṣu oníṣu. Màmá mi á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó fèsì. Àwọn méjì péré ló ṣẹ́ kù nínú ọmọ ìyá wọn.

Bọ̀dá mi, àkọ́bí wa, ń gbé ní Kánádà. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ni, ó sì yẹ kí n máa fi “wọ́n” pè é. Nínú ohun tí mò ń kọ yìí, “ó” ni màá fi pè é, kó má bínú. Lọ́jọ́ kan ó rí màmá wa lórí fídíò, ó ní àwòrán náà ṣú. Ó ní ojú ń ti òun. “Gbogbo wa nílé yìí, iPhone là ń lò. iPhone náà ni Màámi máa lò. Ṣé ìyá tèmi ni kó máa lo Android?”

Mo ní, “Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti mọ èyí lò. Ẹ ra Android tuntun tí àwòrán ẹ̀ mọ́lẹ̀ fún wọn. Tó bá sì jẹ́ dandan ni iPhone, ẹ jẹ́ kí n jókòó tì í, kí n kó nǹkan wọn dé inú ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gba ti tẹ́lẹ̀.”

“Ìwọ àbíkẹ́yìn, ta ló fi ẹ́ jẹ adájọ́? Má fọwọ́ kàn án o. Àbúrò ìyàwó mi á bá wọn tò ó.”

Mi ò bá iPhone jà o. Fóònù tó dáa ni, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n lò á gbádùn rẹ̀. Ẹni tó yàn án láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó máa lò ó ni mò ń bá jà. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tiwa wà lọ́jà, òun gan-an ló sì wọ́ ọ lórí.

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ gbé Android màmá mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Challenge, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: o gbé ti àtijọ́ sílẹ̀, o fowó lé e, wọ́n á gbé tuntun fún ẹ. Wọ́n nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó yọ sìmù, ó fi í sínú iPhone, ó fi fídíò tó bá iPhone náà wá pe Kánádà kí bọ̀dá mi lè rí i pé iṣẹ́ ti parí, ó jẹ ìrẹsì, ó lọ. Kò sí orúkọ ẹnì kankan nínú fóònù náà. Kò sí fọ́tò. Kò gbé WhatsApp sí i.

Màmá mi dúpẹ́ títí. Kí ni wọn ì bá ṣe? Lọ́dọ̀ tiwa, ìyá kì í kọ ẹ̀bùn ọmọ. Bí bàtà tọ́mọ rà bá fún wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n á wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi áńkáṣífù we fóònù náà, wọ́n fi sínú báàgì.

Èmi náà ńkọ́? Mo dì í sínú. Ring Road ni mò ń gbé, Agbowó ò jìnnà, ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mi ò débẹ̀. Mo ní kí ojú wọn rí i ná, wọ́n á wá bẹ̀ mí. Mo pè wọ́n, wọn ò gbé e, mo gbà pé wọ́n ń gbè sẹ́yìn àkọ́bí wọn ni. Ayálégbé wọn sọ fún mi pé ara wọn le, mo bá jókòó sílé. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Mo mọ òwe yìí dáadáa kí n tó jókòó sílé.

Dùgbẹ̀ ni mo ti pàdé obìnrin kan, aládùúgbò Mọ́mì Ṣakí. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọn ò fẹ́ dáhùn.

“Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ kú ọlá o.”

“Mà, kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹ̀gbọ́n màmá yín lójú, ní ọsibítù Jericho níbí. Èmi ni mo mú wọn wá. Ọjọ́ mẹ́ta la lò. Wọ́n fohùn ránṣẹ́ sí àbúrò wọn, kò wọlé. Wọ́n pè, pè, pè. Èmi ò mọ Agbowó, mi ò ní nọ́ńbà ẹlòmíì nínú yín, àwọn náà ò ríran. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé wọn wọlé fún iṣẹ́ abẹ, wọ́n ní kí n tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ń dún. Ẹnì kankan ò gbé e.”

Láti Agbowó sí Jericho! Màmá mi ì bá débẹ̀ kí ẹ̀wà tó jinná.

Mo lọ tààrà sí Agbowó, mo gba fóònù náà, mo ṣí i. Ìpè tí wọn ò gbé kún ibẹ̀ láti òkè délẹ̀. Mo rí nọ́ńbà tèmi. Èyí tó pọ̀ jù jẹ́ nọ́ńbà kan tí èmi fúnra mi mọ̀ sórí, ti Mọ́mì Ṣakí. Mo pariwo: “Màámi, kí ló dé tí ẹ ò gbé e?”

Wọ́n wò mí bí ọmọ iléèwé tó ṣe ohun tí tíṣà ní kó ṣe. “Kò sí fọ́tò níbẹ̀. Ṣebí ìwọ lo ní kí n má gbé e.”

Lọ́jọ́ kejì a wọkọ̀ Ṣakí. Màmá mi kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n ń sunkún. Mọ́mì Ṣakí, tí wọ́n fi báńdéèjì bò lójú kan, ní, “Mo ti gbọ́. Dìde.” Wọ́n fún wa lóúnjẹ. Títí a fi kúrò níbẹ̀, wọn ò ki màmá mi ní oríkì.

Lọ́jọ́ Sunday, mo wà lọ́dọ̀ màmá mi nígbà tí bọ̀dá mi pe iPhone náà lórí fídíò, èmi ni mo gbé e. Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ, ó wá ní, “Ṣé fóònù ló ní kí wọ́n má gbé ìpè?”

Mi ò mọ ìgbà tí mo la ẹnu. Mo pè é ní “ìwọ”. Mo ní ìwọ lo gba ẹ̀gbọ́n ìyá wa lọ́wọ́ wọn, nítorí kí o lè fi àwòrán tó mọ́ yangàn. Mo sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sì kábàámọ̀ ọ̀kan.

“Kúnlẹ̀,” ni màmá mi wí. “Kúnlẹ̀, kí o bẹ ẹ̀gbọ́n ẹ.”

Mo wò wọ́n. Wọn ò wò mí. Mo kúnlẹ̀, wọ́n sì gbé fóònù náà sísàlẹ̀ kó lè rí mi. Ó ní òun ti dárí jì mí. Ó ní tó bá di Kérésì, òun á ra iPhone tó ju èyí lọ fún wọn.

Màmá mi ní, “O ṣé, ọmọ mi. Olúwa á máa bùkún ẹ.”