Fíìmù Íńdíà Tí Mo Pa Ohùn Rẹ̀

Ọmọ Íńdíà ni ìyá arúgbó tí mò ń tọ́jú ní Thamesmead East, ní Lọ́ńdọ̀nù. Rọpárọsẹ̀ ti mú apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ti pa á lẹ́nu mọ́. Aago méjì ọ̀sán ni mo máa ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn tí mo bá ti wẹ ẹni mẹ́ta, tí mo ti pààrọ̀ ìtẹ́dìí ẹni mẹ́ta, tí bọ́ọ̀sì sì ti jù mí síwá sẹ́yìn láti Woolwich. Ó máa ń rẹ̀ mí débi pé bí mo bá jókòó tán, dídìde di ogun.

Òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ni wọ́n jọ ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ náà ń lọ sí ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ó fi fáìlì ìtọ́jú lé mi lọ́wọ́, ó sì fi àwọn fíìmù kan hàn mí lórí tẹlifíṣọ̀n.

"Auntie, Mummy ò lè lọ sí temple mọ́. Wákàtí kan tí fíìmù yìí fi ń lọ lójúmọ́ nìkan ló kù tó fi ń sin Ọlọ́run ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó fò ó lọ́jọ́ kankan."

Mo gbà. Nínú fáìlì, ojú ìwé oògùn nìkan ni mo kà. Ta ló ráyè ka èyí tó kù?

Àwọn fíìmù náà kì í ṣe eré. Wọ́n kàn gbé kámẹ́rà tẹ̀lé àwọn èèyàn ni: àwọn tó ń gun òkè láìwọ bàtà, àwọn tó ń fi wàrà wẹ ère, obìnrin kan tó ń yí gbirigbiri nílẹ̀ yí tẹ́ńpìlì ká. Ti ẹsẹ̀ lásán kò bà mí lẹ́rù. Àwa tí a ń wọ sùtánà kì í wọ bàtà sí i. Ti yíyí nílẹ̀ náà, mo ti yí rí nígbà tí mò ń wá ọmọ. Orin wọn ló bà mí lẹ́rù. Orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń pè, léraléra. Aládùúrà ni mí. Mo mọ ohun tí orúkọ ń ṣe bí a bá pè é nígbà mọ́kànlélógún.

Mo fi fóònù pe ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa, mo ní mi ò fẹ́ tan fíìmù náà mọ́.

"Ṣé o fẹ́ lose job ẹ ni?" ó ní. "Off sound ẹ̀ jàre. Picture ò lè ṣe ẹ́ ní nǹkan kan. Etí ni àwọn ẹ̀mí yẹn máa ń gbà wọlé."

Ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ lówùúrọ̀, á ṣẹ lálẹ́. Mo pa ohùn rẹ̀. Kó má baà dà bíi pé mo rẹ́ ìyá náà jẹ, mo máa ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n kó lè rí i dáadáa. Èmi á jókòó sẹ́yìn, màá ka Sáàmù díẹ̀, oorun á sì gbé mi lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tiẹ̀ ń yin ara mi pé mo gbọ́n: mi ò pàdánù iṣẹ́, mi ò pàdánù ọ̀run.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ rẹ̀ ṣàdédé wọlé. Ó bá wa nínú ìdákẹ́rọ́rọ́, fíìmù ń lọ.

"Ṣé sound ẹ̀ ti bàjẹ́ ni?"

Mo ní kò bàjẹ́, ṣebí Mummy ń wò ó.

Ó wojú mi. "Auntie, Mummy ò ríran. Ó ti tó ọdún méjì. Ó wà nínú fáìlì."

Ó tan ohùn náà. Bí orin ṣe bẹ̀rẹ̀, ètè ìyá tí mo rò pé kò lè fọhùn mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ohùn tín-ín-rín kan jáde, ó ń bá wọn pe orúkọ náà. Ojú tì mí, inú mi sì bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń gbé e síwájú ohun tí kò lè rí, tí mo sì fi èyí tó lè gbọ́ dù ú.

Mo jẹ́wọ́ pé èmi ni mo pa ohùn náà. Ó béèrè pé kí ló dé. Irọ́ ti wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí jù láti pa á. Mo ní ẹ̀rù ló bà mí.

Ó wo ìyá rẹ̀ tí kò lè gbé ṣíbí, ó wá wò mí.

"Ẹ̀rù Mummy mi?"