Ìtàn tí mo ti pa màmá mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, inú mọ́tò ni mo ti ń tẹ èyí.

Mo kọ ìtàn kan tí ìyá inú rẹ̀ kú. Èmi òmùgọ̀, orúkọ màmá mi gan-an ni mo fún un! Olóòtú kan, ará Ireland, fẹ́ gbé e jáde nínú magasíìnì rẹ̀. Ó wá sí Dallas lónìí, ó ní ká jọ mu kọfí. Màmá mi ní àwọn á bá mi lọ kí i.

Nígbà tá a débẹ̀, màmá mi dárúkọ ara wọn fún un. Inú ọkùnrin náà dùn.

"Ṣé ẹ̀yin nìyí? Mo sunkún gan-an níbi tí wọ́n ti sin yín!"

Màmá mi wò mí.

Mo yáa yí ọ̀rọ̀ padà. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ ìwé kan ṣoṣo lòun fúnra rẹ̀ kọ, tó wá ń tún tàwọn ẹlòmíì ṣe láti ìgbà yẹn.

"Èmi náà pa màmá mi nínú ìwé yẹn," ló wí. "Wọ́n kú lóòótọ́ kí ìwé náà tó jáde. Mi ò lè kọ nǹkan kan mọ́."

Mo wa mọ́tò gba ọ̀nà márosẹ̀ padà sí Garland, níbi tá à ń gbé. Nígbà tá a dé iwájú ilé, màmá mi ní:

"Ṣé wọn ò tíì tẹ ìtàn yẹn jáde?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa. Lọ jí mi dìde."

Olóòtú náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi text ránṣẹ́ sí mi: kí n má fọwọ́ kan ibi ikú yẹn o, ibẹ̀ ló dùn jù.

Màmá mi ti wọlé. Mò ń gbọ́ tí wọ́n ń húkọ́.

Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì wà láàyè, ẹ dákun, ẹ sọ̀rọ̀: ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?