Ìtàkùn tí Tránsito Kẹ̀yìn Sí

Àwọn tí kò mọ ìtàkùn lorókò máa ń sọ pé òdòdó rẹ̀ ni à ń jẹ. Wọn kò sọ ọ́ dáadáa. Ìrudi rẹ̀ ni à ń jẹ, nígbà tó ṣì dì, tó láwọ̀ ewé, tí kò tíì fi inú han ẹnikẹ́ni. Èyí tó bá ti là, tó ti funfun, ẹ fi í sílẹ̀ fún oyin. Tránsito Alvarenga ti ìlú Los Amates kò ṣi èyí ṣe rí. Láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, á já ìrudi rẹ̀ sínú igbá, á pò ó mọ́ wàràkàṣì, á dì í sínú àgbàdo lílọ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a pẹlẹbẹ, á sì tẹ́ ẹ sórí àwo amọ̀ gbígbóná. Pupúsà tirẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹni tó ti jẹun yó nílé á tún wá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ló fún un ní ìtàkùn náà. Ọdún tí Tránsito wọlé ọkọ ni ìyá náà ru gbòǹgbò rẹ̀ wá láti ilé tirẹ̀, ó gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó sì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó má jẹ́ kó parun. Ìyá ti kú. Kò sí gbòǹgbò mìíràn nínú ìran náà níbikíbi.

Eduviges ni kòmádre Tránsito, ìyẹn ni pé òun ló gbé ọmọ Tránsito lọ́wọ́ níbi ìsàmì. Láàárín wa, kòmádre ju ọmọ ìyá lọ. Àwọn méjèèjì jọ sáré lọ sódò ní ìhòòhò ní kékeré, síbẹ̀ láti ọjọ́ ìsàmì yẹn, “ẹ̀yin” ni wọ́n ń pe ara wọn, kò yẹ̀ rí.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Eduviges wá, ó ní òun náà fẹ́ ní lorókò yìí nínú ọgbà òun. Inú Tránsito dùn, ó ní òun máa wú ọmọ gbòǹgbò kan fún un. Eduviges kọ̀. Gbogbo Los Amates ló mọ̀ pé ewéko tí wọ́n bá fún èèyàn kì í mú, èyí tó bá jí ló ń mú. Nítorí náà, onílé á wọlé, á kẹ̀yìn sí ọgbà, á máa se kọfí. Ẹni tó wá á gé ohun tó fẹ́, á fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ, á wá mu kọfí, ẹnikẹ́ni kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má pe ìyẹn lólè. Olè kì í bèèrè kó tó jí. Ẹ̀ka kan tàbí ọmọ gbòǹgbò kan ló sì tọ́ sí èèyàn. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ ní orúkọ mìíràn.

“Ẹ jí i dáadáa o, kòmádre,” ni Tránsito wí. “Mo ti bá ajá sọ̀rọ̀, kò ní gbó yín.”

“Ẹ̀yin ẹ ṣáà má yọjú. Ojú yín kì í jẹ́ kí nǹkan hù.”

Tránsito rẹ́rìn-ín wọlé. Ó fẹ́ná, ó gbé omi kaná. Ó gbọ́ ìró ọkọ́ lẹ́yìn ilé, ìró náà sì pẹ́ ju ti ọmọ gbòǹgbò kan lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọrin sókè kí ó má bàa gbọ́ mọ́, torí ìwà àìmọ̀wàáhù ni kéèyàn máa tẹ́tí.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lorókò a máa wọ́wé, ìtàkùn rẹ̀ a rí bí okùn gbígbẹ. Inú ilẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Tránsito kò rí ohunkóhun tó yàtọ̀. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ọgbà gbogbo aládùúgbò tutù yọ̀yọ̀, tirẹ̀ kò rú. Toribio ọkọ rẹ̀ ní ìtàkùn náà ti darúgbó, kó jẹ́ kó sinmi. Tránsito ní ó kàn pẹ́ ni. Ó ń bomi rin ín láàárín òjò, títí àwọn èèyàn fi ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà tó yá, ó mú ọkọ́. Ilẹ̀ náà rọ̀ bí ebè tuntun. Kò sí gbòǹgbò kankan níbẹ̀. Wọ́n ti gé ìtàkùn gbígbẹ náà nídìí, wọ́n sì tún kì í bọ ilẹ̀ padà.

Ó lọ sílé Eduviges. Lẹ́yìn ilé, lorókò ti gun igi gúáfà dé orí òrùlé, ìrudi so rọ̀ṣọ̀rọ̀ṣọ̀. Ọmọ gbòǹgbò tí a gbìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í rudi báyẹn lọ́dún àkọ́kọ́. Àgbà gbòǹgbò nìkan ló lè ṣe é.

“Kòmádre, gbòǹgbò ìyá mi lẹ wú.”

Eduviges ń gbá pupúsà lọ́wọ́. Kò sẹ́. “Ẹ̀yin lẹ ní kí n jí i. Ẹ kẹ̀yìn, ẹ tún ń kọrin.”

“Ọmọ gbòǹgbò kan ni mo kẹ̀yìn fún.”

“Ta ló wọ̀n ọ́n fún mi? Gbogbo ìlú ló ń jẹun lẹ́nu ọ̀nà yín, bí ẹni pé àwa tó kù ò lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ tèmi náà díẹ̀.”

“O tún ki igi gbígbẹ bọ ilẹ̀,” ni Tránsito wí, “kí n lè máa bomi rin òkú. Àṣà wo nìyẹn?”

Ọwọ́ Eduviges dúró. Láti ọjọ́ ìsàmì, kò gbọ́ “o” lẹ́nu Tránsito rí.

Tránsito gbé ọkọ́ tó fara ti ọgbà, ó lọ sídìí ìtàkùn, ó gbé e sókè.

“Bí ẹ bá wú u báyìí tó ń rudi, á kú mọ́ yín lọ́wọ́,” ni Eduviges wí jẹ́jẹ́. “Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ó dúró níbẹ̀ títí apá fi ń ro ó, ó sì sọ ọkọ́ náà kalẹ̀.

Eduviges mí kanlẹ̀, ó ní kó padà wá tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, òun náà á wọlé lọ se kọfí. Ó fẹ́ fi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò jáde.

“Máa bomi rin ín,” ni Tránsito wí. “Kì í ṣe nítorí rẹ. Ìyá mi ló ni ín.”

Ó sì lọ sílé.