"Ẹ" Nísàlẹ̀, "O" Lókè

Ní àfonífojì tiwa, àjèjì là ń sọ "ẹ" fún. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbà tàbí ọmọdé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti jọ gun òkè kọjá ẹgbẹ̀rún mítà, ó parí, "o" ni, ì báà ṣe bíṣọ́ọ̀bù lẹ bá gun òkè. Bí ẹ bá sì padà sọ̀ kalẹ̀, "o" náà ni títí ayé.

Òfin yìí ló ba oúnjẹ jẹ́ lẹ́nu Serafin Gstrein.

Awakọ̀ wàrà ni Serafin. Ó mọ gbogbo kọ́nà títì wa, láti Oetz níbi tí ilé rẹ̀ wà títí dé Timmelsjoch lókè téńté. Bó bá sì bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, kẹ̀kẹ́ ló ń gùn. Òun ló ń ṣètò ìrìn àjò kẹ̀kẹ́ ẹgbẹ́ wọn lọ́dọọdún: ibi tí wọn yóò ti mu kọfí, ibi tí wọn yóò ti sinmi. Òun náà ló ń sọ fún Burgl ìyàwó rẹ̀ lọ́dọọdún pé kó dúró de òun ní Umhausen. Burgl ti gbìyànjú rí nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ó bì sẹ́bàá títì, ó sì ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà. Serafin sọ ìtàn náà nílé ọtí, ó fi ara ṣàpèjúwe, bíà ń ta jáde nímú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Burgl náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Hammerl, dókítà eyín tó ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ Burgl ní ṣọ́ọ̀bù, ní òun fẹ́ bá wọn lọ. Ó wá sílé wọn láti wo máàpù. Burgl gbé oúnjẹ gbígbóná kalẹ̀, Serafin sì fi ìka lé Sölden.

"Ibí ni òkè ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, Dókítà. Ẹ má fi agbára yín ṣòfò kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Burgl, lọ́dún yìí o lè bá wa débí, ibí ni wàá ti wọ bọ́ọ̀sì."

"Bọ́ọ̀sì kẹ̀?" Dókítà yíjú sí Burgl. "O ò tíì sọ fún un ni?"

"O" ló pè é! Òkèlè há Serafin lọ́nà ọ̀fun. Nínú ilé òun, nídìí tábìlì òun!

"Burgl, níbo lẹ̀yin méjèèjì jọ lọ?"

"Òkè."

"Òkè wo?"

"Timmelsjoch. Ìwọ wà níbi iṣẹ́. A dé orí ẹ̀ pátápátá."

"Kí ló dé tí kì í ṣe èmi lo bá lọ?"

"Torí bí mo bá bì, òun ò ní lọ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fáwọn ọ̀mùtí. Ẹnu ẹlẹ́nu ló ń wò látàárọ̀, kò ráyè tèmi."

"Ọ̀gbẹ́ni Gstrein, ẹ jọ̀ọ́," ni dókítà wí, "kò sí nǹkan kan láàárín wa o."

"Mo mọ̀," ni Serafin dáhùn.

Ó mọ̀ lóòótọ́, ohun tó sì ń dùn ún jù nìyẹn. Ká ní ọ̀rọ̀ àlè ni, ì bá yọ eyín dókítà, kí dókítà lọ tún un ṣe fúnra rẹ̀. Ojú Burgl ló ń jowú lé lórí. Ojú kan wà tí èèyàn máa ń ní bó bá gun orí òkè yẹn, ojú tó ń là bíi tọmọdé. Serafin ti rí i lójú àlùfáà, ó ti rí i lójú apínlẹ́tà. Kò rí i lójú ìyàwó rẹ̀ rí, ọkùnrin mìíràn sì ti rí i. Owú yìí kò jẹ́ kó gbádùn. Ó ní dandan, òun nìkan ni yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bó bá tún débẹ̀.

Ló bá tún ètò tò. Kò sí kọfí ní Längenfeld, kò sí ìsinmi ní Sölden. Ó fẹ́ kó rẹ dókítà, kó já sẹ́yìn. Wọ́n ní ẹni bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, kó má gbẹ́ ẹ jìn.

Lọ́jọ́ Sátidé gbogbo ẹgbẹ́ gbéra. Serafin ń sáré bí ẹni ajá ń lé, dókítà rọra ń tẹ̀ lé e, Burgl ń bọ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn. Wọ́n kọjá Obergurgl tán ni itan Serafin dì gbagidi. Ó sọ̀ kalẹ̀. Dókítà àtàwọn yòókù kọjá. Burgl náà ń kọjá.

"Burgl! Dúró dè mí!"

"Umhausen ni mo máa ń dúró sí," ni Burgl wí, ó sì ń wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Serafin ti kẹ̀kẹ́ gòkè. Bọ́ọ̀sì kọjá lára rẹ̀, àwọn èrò inú rẹ̀ ń juwọ́ sí i. Nígbà tó fi máa dókè, Burgl ti fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń jẹ búrẹ́dì àti ẹran gbígbẹ, òun àti dókítà ń sọ̀rọ̀ táyà. Serafin wá ojú yẹn kiri lójú rẹ̀, àmọ́ ojú ẹni tó ń jẹun ló rí.

"Ẹ káàbọ̀ o, Ọ̀gbẹ́ni Gstrein," ni Burgl wí, lórí òkè níbi tí a kì í ti í sọ "ẹ" fún ẹnikẹ́ni. "Ṣé bọ́ọ̀sì ò gbà yín ni?"

Gbogbo ẹgbẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Serafin náà bá wọn rẹ́rìn-ín.