Àrọ Tó Dá Ẹ̀jẹ̀ Mi Padà Fún Mi

Ọdún tí Nàìjíríà ti ẹnu ibodè pa, tí koríko ń hù lójú ọ̀nà Ìgòlò, ni nǹkan yìí ṣe mí. Èmi ò mọ iye tí àwọn oníwèé ń pe ọdún náà. Ọmọ ọmọ mi tó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní òun lè bá mi ṣírò rẹ̀, mo ní kó fi sílẹ̀. Ayé Rẹfolúṣọ̀n ni, ìjọba sójà ní apá ibodè tiwa, ìgbà tí àgbà àti ọmọdé ń pe ara wọn ní kámárádì. Ọkọ mi kó gààrí kọjá sí Ìdíirókò lọ tà, ibẹ̀ ló wà tí wọ́n fi ti ọ̀nà. Oṣù kan àti ààbọ̀ kọjá, a ò rí i.

Mo wà nínú kòtò ìfọpo lẹ́yìn ilé wa ní Ìfọ̀nyìn ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn tí a ti sè. Àfi bí nǹkan ṣe já níkùn mi, nísàlẹ̀, lápá òsì. Kò dún síta, ṣùgbọ́n èmi gbọ́ ọ. Òógùn tútù bò mí. Mo di etí kòtò mú, mo ń wo epo tó wà ní kókósẹ̀ mi, mo sì rò ó lọ́kàn mi pé bóyá èmi kọ́ ni màá fọ epo yìí tán.

Ohun kan wà tí mo mọ̀, tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nǹkan oṣù mi ti fo ìgbà méjì. Láti ìjẹta ni mo ti ń rí ẹ̀jẹ̀ dúdú díẹ̀díẹ̀ lára aṣọ, èyí tí kò jọ ti oṣù. Nílé wa, a kì í sọ oyún kó tó hàn. Ikùn ló ń sọ ara rẹ̀. Mo ti sọ ọ̀kan rí, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, ó bàjẹ́, wọ́n sì ní ẹnu mi ló pọ̀ jù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, baba oyún gan-an kò tíì gbọ́. Kò tíì dá mi lójú kó tó lọ. Ta ni màá wá sọ ọ́ fún ṣáájú rẹ̀?

Tí ọ̀nà bá ṣí ni, Ìdíirókò ni wọn ì bá gbé mi lọ. Ibẹ̀ ni gbogbo wa ń lọ, nítorí àwọn tó ń tọ́jú ènìyàn níbẹ̀ gbọ́ èdè wa. Ṣùgbọ́n sójà ló wà lójú ọ̀nà. Àbúrò ọkọ mi, tó jẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ Rẹfolúṣọ̀n ní àdúgbò wa, rí ọkọ̀ kan tó ti Lágbè kó àgbàdo bọ̀, wọ́n tẹ́ mi sórí àpò, ó di Àjàṣẹ́. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Alépo, jókòó, ó gbé orí mi lé itan.

Gbogbo gegele ọ̀nà yẹn ni mo mọ̀. Kí a tó dé Àjàṣẹ́, èjìká mi ti ń dùn mí ju ikùn lọ. Mo ń sọ ọ́, wọ́n ní bóyá igi ọkọ̀ ló gbá mi. Kò sí ohun tó gbá mi. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí: nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dà sínú ikùn, ó lè gòkè lọ ta abẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, èjìká ni obìnrin á sì máa dì mú. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

Dókítà tí a bá nílé ìwòsàn Àjàṣẹ́ kò dàgbà. Ọmọ apá òkè ni, kò gbọ́ Nàgó tí àwa ń sọ, Faransé ló ń sọ. Àbúrò ọkọ mi ló wá ń túmọ̀. Mo ju ọmọkùnrin yìí lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ilé ni mo ti bá a, Ọkọ mi ni mo sì ń pè é, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé ti í ṣe. Dókítà fọwọ́ kan ikùn mi, mo pariwo. Ó béèrè nǹkan kan. Ọkọ mi kékeré kọjú sí ògiri, níbi tí wọ́n ya ìràwọ̀ pupa sí, ó ní:

“Ìyàwó wa, ó ń béèrè ìgbà tí o rí ohun àwọn obìnrin kẹ́yìn.”

Ojú tì mí. Ikú ń bọ̀, ojú ṣì ń tì mí. Mo ní, “Ọkọ mi, ẹ sọ fún un pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni.”

Ó gbé ohùn sókè bí ìgbà tó bá ń dáhùn nípàdé, ó sọ ọ́ fún dókítà. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Irọ́ tí mo pa wọ inú ìwé, ó sì di òótọ́ ilé ìwòsàn. Wọ́n ní ó jọ pé ìfun ló ń yọ mí lẹ́nu, kí n lọ jókòó dúró de àwọn tó ń yẹ ìgbẹ́ àti ìtọ̀ wò.

Bẹ́ǹṣì onígi ni wọ́n gbé mi sí. Mi ò lè jókòó, mi ò sì lè sùn gbalaja, torí bí mo bá ti sùn, èjìká á máa ta mí. Mo fara ti ìyá ọkọ mi. Àwọn ènìyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde. Obìnrin kan ń fún ọmọ lọ́mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń bi mí ìlú mi, mo ń gbọ́ ọ bí ẹni pé inú àmù ló ti ń sọ̀rọ̀. Òòrùn kúrò lórí ògiri kan, ó bọ́ sí èkejì. Òùngbẹ ń gbẹ mí, omi kò wọlé. Mo ń ronú àwọn ọmọbìnrin mi méjì tó wà nílé, ta ni yóò máa dì wọ́n lórí. Mo fẹ́ sọ òótọ́. Mo la ẹnu, mo rí Ọkọ mi kékeré lẹ́nu ọ̀nà, mo pa á dé.

Agbẹ̀bí kan ló gbà mí là. Ọmọ Sákété ni, ó gbọ́ èdè wa. Ó ń kọjá lọ ni tirẹ̀, ó wo ètè mi, ó padà wá fa ìpéǹpéjú mi sísàlẹ̀. Ó yíjú sí Ọkọ mi kékeré.

“Kámárádì, ẹ bọ́ síta díẹ̀. Ìpàdé àwọn obìnrin ti bẹ̀rẹ̀.”

Bí ó ti jáde tán, agbẹ̀bí bẹ̀rẹ̀ sí etí mi. Kò bi mí bóyá mo lóyún. Ó ní, “Oṣù mélòó ni?”

Mo wo ìyá ọkọ mi. Ìyá Alépo gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Bó bá jẹ́ tèmi lò ń wò, mo ti mọ̀ látìgbà tí òórùn epo ti ń lé ọ kúrò nídìí ìkòkò. Mo ń dúró kí o sọ ọ́ ni.”

Mo ní, “Méjì.”

Kíá, gbogbo nǹkan yí padà. Wọ́n gbé mi sórí ibùsùn, dókítà mú abẹ́rẹ́ gígùn kan, ó gún mi níkùn, ó fà á. Ẹ̀jẹ̀ ló wá, ẹ̀jẹ̀ dúdú. Ó gbé ìgò abẹ́rẹ́ náà dúró níwájú ojú fèrèsé, ó ń wò ó. Agbẹ̀bí ṣàlàyé fún wa pé ẹ̀jẹ̀ tó bá wá tààrà láti inú iṣan yóò dì láìpẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó ti ń dà sínú ikùn tẹ́lẹ̀ kì í dì mọ́. Ti èmi kò dì. Oyún náà kò dé ilé ọmọ. Ojú ọ̀nà ló dúró sí, nínú ọ̀nà tóóró tí ẹyin obìnrin ń gbà lọ sílé ọmọ. Ó dàgbà níbi tí àyè kò sí, ọ̀nà náà sì bẹ́. Ohun tó já lára mi nínú kòtò ìfọpo nìyẹn.

Wọ́n gbọ́dọ̀ là mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó kù lára mi kò tó èyí tí ènìyàn fi ń wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, kò sì sí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn nínú fíríìjì wọn. Ọkọ mi kékeré ká apá aṣọ, ó ní kí wọ́n gba tòun. Mi ò gbàgbé ìyẹn láé. Wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ tèmi sórí táìlì funfun kan, ó ṣù wóróówóró. Kò bá tèmi mu.

Dókítà bá agbẹ̀bí sọ̀rọ̀ pẹ́. Agbẹ̀bí ní, “Ó ní ẹ̀jẹ̀ ẹ ò tíì lọ síbì kankan. Inú ikùn ẹ ló wà. Òun máa fi ṣíbí bù ú, òun máa sẹ́ ẹ, òun máa dá a padà sí ọ lára.”

Ẹ̀rù tó bà mí nígbà yẹn ju ti ikú lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ti kúrò lọ́nà rẹ̀, ta ló ń dá a padà? Mo rò pé wọ́n ti fi mí sílẹ̀, pé wọ́n kàn ń wá ohun tí wọ́n máa sọ fún ìyá ọkọ mi ni. Mo di ọwọ́ agbẹ̀bí mú. Ó ní òun ti rí i tó ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Mo bi í pé ṣé obìnrin náà yè. Ó ní ó yè.

Ohun èlò tí wọ́n ní kò pọ̀: ṣíbí ọlọ́rùn gígùn kan, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di egbò, ìgò sérọ̀mù, omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára, tó ti ṣófo, àti oògùn kan bí omi, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tí wọ́n máa kọ́kọ́ dà sísàlẹ̀ ìgò. Àrọ tí wọ́n fi ń da ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò, onígíláàsì, ti fọ́. Wọ́n ti béèrè òmíràn ní Kùtọnu, kò tíì dé.

Ìyá Alépo dìde. “Àrọ? Àrọ lásán?” Ó ti jáde kí wọ́n tó dáhùn.

Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Mo mọ̀ pé ọwọ́ mi ń tutù láti ìka bọ̀ wá sókè, mo sì ń wò ó bí ó ti ń bọ̀. Ìyá ọkọ mi padà pẹ̀lú àrọ alumíníọ̀mù tuntun, ó ń mí hẹlẹ. Wọ́n sè é nínú omi gbígbóná. Wọ́n tẹ́ aṣọ náà sínú rẹ̀ ní ìṣẹ́po mẹ́jọ, wọ́n ki ọrùn àrọ bọ ẹnu ìgò, dókítà da omi sí i kó lè wò ó. Omi sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, ó dúró. Ó tún da òmíràn sí i, ó kún, ó ṣàn sórí tábìlì. Ó yọ aṣọ kan kúrò. Ó tún dúró. Òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo ń wò wọ́n láti orí ibùsùn, mo sì mọ ohun tó ń ṣe é. Lójoojúmọ́ ni mo ń da epo sínú ìgò. Ṣùgbọ́n ahọ́n mi kò gbé.

Ìyá Alépo ló sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà. “Ẹ̀yin ò rọ epo rí láyé yín. Ẹ ti dí ẹnu ìgò pa. Atẹ́gùn inú ìgò, ibo ni ẹ fẹ́ kó gbà jáde?” Ó ní tí àwa bá ń rọ epo, ẹyọ ìgbálẹ̀ kan la máa ń fi sáàárín ọrùn àrọ àti ẹnu ìgò.

Agbẹ̀bí túmọ̀ rẹ̀. Dókítà wo ìyá arúgbó yìí, ó wo ìgò. Kò gba ẹyọ ìgbálẹ̀, ṣùgbọ́n ó mú abẹ́rẹ́ irin ńlá kan nínú omi gbígbóná, ó tì í bọ ẹ̀gbẹ́ ọrùn àrọ náà. Ó da omi. Omi lọ geere.

Ó sọ ọ̀rọ̀ Faransé kan tí agbẹ̀bí kọ̀ láti túmọ̀. Wọ́n tì mí wọlé, wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ oorun. Orúkọ àwọn ọmọ mi ni mo ń pè títí mi ò fi mọ nǹkan mọ́.

Nígbà tí mo lajú, ìgò pupa kan so sókè orí mi, okùn rẹ̀ wọ apá mi. Mo mọ̀ pé èmi ni mo wà nínú rẹ̀. Ìgò méjì ni wọ́n rí kó. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ó rọrùn lẹ́yìn ìyẹn. Ibà mú mi, gbogbo ara mi gbọ̀n. Tí mo bá wúkọ́, ojú abẹ á fẹ́ ya. Wọ́n ti gé ọ̀nà apá òsì kúrò, oyún sì lọ. Mo sunkún oyún tí mi ò sọ fún baba rẹ̀. Ọkọ mi gan-an gba inú igbó wá láti Ìdíirókò nígbà tó gbọ́, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Ó jókòó tì mí, kò bi mí ní nǹkan kan. Èmi ni mo sọ ọ́ fún un, gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí a padà lọ kí wọ́n wo ojú abẹ, dókítà mú àrọ kan jáde. Ó ti gbé e fún alágbẹ̀dẹ onípáànù, ó ti ní kó lẹ irin tín-ínrín mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀ látòkè délẹ̀, kó má baà dí ẹnu ìgò pa mọ́. Agbẹ̀bí ní obìnrin méjì ti jèrè rẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní àrọ Ìyá Alépo. Ìyá ọkọ mi gbà á, ó yí i wò. Ó ní wọn ì bá fi alumíníọ̀mù tó nípọn ṣe é.

Ọ̀nà kan péré ló kù lára mi, mo sì tún bí ọmọbìnrin kan. Ara yìí, mo máa ń fọwọ́ pa ojú àpá náà tí mo bá ń wẹ̀, mo máa ń kí i pé ó kú iṣẹ́.

Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dàgbà, mo pè wọ́n jókòó. Mo ní: ẹ má fi oyún pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ wò yín sàn. Bí ọkùnrin ilé bá ń túmọ̀, ẹ ní kí wọ́n pe obìnrin. Bí ikùn bá ń dùn yín, tí èjìká sì dá sí i, ẹ dìde nílẹ̀. Àti fún èmi, ẹ má dúró kí n fi òórùn epo mọ̀ ọ́n. Ẹ wá sọ fún mi.

Wọ́n ní àwọn gbọ́. Mi ò gbà wọ́n gbọ́, torí èmi náà gbọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu ìyá mi.

Ọdún ń lọ. Mo ń rọ epo lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èyí àbíkẹ́yìn wọlé láti ilé ọkọ rẹ̀, kò tíì kúnlẹ̀ kí mi tán tó fi ní, “Ìyá, oṣù mi fo lánàá.” Lánàá. Mo gbé àrọ sílẹ̀. Mo ní, “O ṣeun tí o sọ ọ́.”

Oyún ọjọ́ yẹn ló jókòó níwájú mi yìí, tó ń kọ̀wé.